Afárá kò ní ẹnu tí yóò fi ké ìrora

Ẹni tó bá lọ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kì í fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò gbé e sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí. Ìkòkò tó pé yóò dún gooro. Èyí tó ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tó gbà sán, ohùn rẹ̀ yóò há. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin náà mọ ọgbọ́n yìí. Ìlú ojú irin ni Agbonou wa: àwọn ará Jámánì mú un láti Lomé dé ìhín kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Faransé sì mú un dé Blitta ní 1934. Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ púpọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń rìn, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa fi òòlù kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ibùdókọ̀. Irin tó dá ṣáká yóò dún bí agogo. Èyí tó ti sán kò ní í dún bẹ́ẹ̀. Etí òṣìṣẹ́ yìí ni ẹ̀mí àwọn èrò rọ̀ mọ́.

Ìbéèrè mi lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ta ni ń fi òòlù kan afárá wa àti ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa?

Ẹ wo ara ènìyàn. Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, iṣan á ké sí ọpọlọ kí ojú tó rí ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́ á tú ohun inú wọn síta, àwọn tó wà nítòsí á sì mọ̀ pé ewu ti dé. Ní 1994, Polly Matzinger, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé igbe ọgbẹ́ yìí gan-an ni àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ ń dáhùn, kì í ṣe pé wọ́n kàn rí àjèjì. Ara kì í dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá jẹrà. Ó ní ẹni tó ń ké, ó ní ẹni tó ń gbọ́, ó sì ní ẹni tó ń tún un ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀tẹ̀ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìka. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, fi hàn pé iṣan ni àrùn yìí ń pa. Ọwọ́ tí kò mọ ìrora mọ́ á di ìkòkò gbígbóná mú, kò ní í jù ú sílẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré á di ńlá láìsí ẹni tó fura. Àìmọ̀ ìrora ló ń sọ ìka nù.

Bí ọwọ́ yẹn ni afárá rí. Sìmẹ́ńtì kò ní iṣan, irin kì í ké. Ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ nínú, omi lè máa kó erùpẹ̀ lábẹ́ òpó rẹ̀, síbẹ̀ kí ọkọ̀ máa kọjá lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá wó. Nínú òjò ńlá ọdún 2008, afárá Amakpapé já, ọ̀nà tó so Lomé pọ̀ mọ́ Atakpamé àti àríwá sì já pẹ̀lú rẹ̀. Àwa tí à ń gbé lójú ọ̀nà yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún oníṣòwò àti fún aláìsàn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ owó ni. Amẹ́ríkà kò ṣaláìní owó ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1967, nígbà tí Silver Bridge wó sínú odò Ohio, tí ènìyàn 46 sì kú. Ojú sísán tí kò jìn ju nǹkan bíi mìlímítà 2.5 lọ, nínú irin kan ṣoṣo, ló fà á. Ẹ̀yìn ikú yẹn ni wọ́n tó ṣe òfin pé kí a máa yẹ àwọn afárá wò lọ́dún méjì-méjì. Kí ló dé tí a ó fi dúró de òkú kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà?

Ojú sísán ti Silver Bridge fara pamọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Nítorí náà n kò sọ pé ará àdúgbò lè gba iṣẹ́ ẹnjiníà ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a jẹ́ iṣan, kí ẹnjiníà jẹ́ oníṣègùn. Kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa rìn yí ká kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá dá. Bí wọ́n bá rí ibi tó sán, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà lóṣù tó ń bọ̀, ó ń rìn nìyẹn. Kí wọ́n wo ìdí òpó bóyá omi ti gbẹ́ ẹ. Ìwé kan, gègé kan àti agolo ọ̀dà kan tó iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n igbe nìkan kò tó. Iṣan tó ń ké tí ọpọlọ kò dáhùn, kò yàtọ̀ sí iṣan tó kú. Kí ilé ìjọba ìbílẹ̀ yan ẹni kan tí yóò máa gba ìwé yìí, kí ó sì di dandan fún un láti fèsì ní kíkọ láàárín ọjọ́ tí a dá: a ti wò ó, kò léwu, tàbí a ti wò ó, a ó ti ọ̀nà yìí pa. Kí a lẹ èsì náà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri wa ti ń lanu. Kí a tó gbọ́ ohùn aláǹgbá, ẹ jẹ́ kí a mú òòlù.