Èémí Ọmọ Ènìyàn àti Iná Inú Yàrá

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Òwe náà dùn létí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àwa bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní àyè láti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀, nítorí pé a ti rí i bí wọ́n ṣe fi òwe yìí lé aláìṣẹ̀ kúrò nílé.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan tí kò tíì pẹ́, a lọ bá ẹbí kan kẹ́dùn ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì sùn, wọn kò sì jí mọ́. Kò sí egbò lára wọn, kò sí ilẹ̀kùn tí olè já. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ènìyàn ti ń nàka sí ìyá ọkọ, opó arúgbó kan tí òun àti ìyàwó ilé ti ṣe gbólóhùn asọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ìyá náà kó ẹrù rẹ̀ jáde ní òru. Nígbà tí àwa wọ inú yàrá náà, a rí fèrèsé kan ṣoṣo tí a fi àkísà dí nítorí òtútù, a rí ẹní tí a ká sí ìdí ilẹ̀kùn, a sì rí àdògán tí ó kún fún eérú èédú. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun kan nípa àdògán náà.

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, pé níbo ni èémí ń lọ, wọn a fi ọwọ́ lu àyà. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àyà dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn ń fà sísàlẹ̀, egungun ìhà ń gbòòrò, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni í fín ẹwìrì nítorí ẹwìrì? Nítorí iná ni a ṣe ń fín in.

Iná ara wa ńkọ́? Antoine Lavoisier ará ilẹ̀ Faransé, ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1794, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wá a. Òun àti Laplace fi ẹranko kékeré kan sí àárín yìnyín, wọ́n wọn omi tí ó yọ́ láti ara yìnyín náà, wọ́n sì fi í wé èyí tí èédú tí ń jó mú yọ́. Wọ́n rí i pé mímí àti jíjó èédú jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ohun kan ni Lavoisier ṣì: ó rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni iná náà ti ń jó. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó rí i pé gbogbo ara ni, nínú olúkúlùkù sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn baba wa tí ó yọ èémí àti ẹ̀mí láti ara ọ̀rọ̀ kan náà kò ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀dọ̀fóró kò ṣófo bí ìgò. Ọ̀nà èémí pín sí méjì, ó tún pín, ó tún pín bí ẹ̀ka igi, títí ó fi dé ibi àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí iye wọn tó nǹkan bí 300,000,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ́ awọ gbogbo wọn sílẹ̀, yóò bo ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 7. Awọ náà fẹ́lẹ́ ju bébà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Afẹ́fẹ́ wà ní iwájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ọjà sì ti ń ná. Ọ́síjìn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Carbon dioxide, èyí tí iná ara bí, kọjá síta. Kò sí ẹni tí ń tì wọ́n: olúkúlùkù ń lọ láti ibi tí ó ti pọ̀ sí ibi tí ó ti ṣọ̀wọ́n. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí a fà símú, 21 jẹ́ ọ́síjìn. Nínú èyí tí a mí síta, ó ku nǹkan bí 16.

Ọkọ̀ tí ń gbé ọ́síjìn láti ibẹ̀ ni ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Irin wà nínú rẹ̀, irin kan náà tí a fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ọ́síjìn rọ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú apá, nínú ọkàn, nínú ọpọlọ, níbi tí oúnjẹ tí a jẹ ti ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan. Ẹja ń gba ọ́síjìn inú omi nípasẹ̀ ohun pupa tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kòkòrò ní ihò wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara. Ewé ní tirẹ̀. Iṣu tí a ti wà, tí a rò pé ó ti kú, ṣì ń mí níbi tí a tò ó sí, ara ohun tí ó ń mú un fúyẹ́ nìyí bí oṣù ti ń gorí oṣù. Àgbẹ̀ wa tí kò ka ìwé mọ̀ pé kí òun jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá láàrin iṣu òun, kí ó má baà rà. A fún iṣu ní àyè, a wá fi àkísà dí fèrèsé ọmọ!

Èédú inú àdògán kì í jó tán pátápátá. Ó ń bí carbon monoxide, pàápàá bí ọ́síjìn yàrá bá ti ń dín kù. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ sì ń dì mọ́ ọn ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ. Àyà ń gòkè, àyà ń sọ̀ kalẹ̀, ẹwìrì kò dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kún fún èrò tí kò fẹ́ sọ̀. Ohun tí ó ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ jù ni pé wọ́n a dúró níta títí èéfín èédú yóò fi tán, tí yóò pọ́n dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Èéfín lọ, oró kù. Ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, èéṣe tí ẹni tí ó sùn kò fi jí kí ó sá jáde? Ìbéèrè rere ni. John Scott Haldane ará Skọ́tíláńdì, òun àti J. G. Priestley, fi hàn ní 1905 pé carbon dioxide tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú ara wá èémí kíkankíkan, ju àìtó ọ́síjìn lọ. Ẹni tí carbon monoxide ń pa ṣì ń mí carbon dioxide tirẹ̀ síta. Nítorí náà agogo kò lù. Orí a fọ́ ọ, òòyì a kọ́ ọ, oorun a sì gbé e lọ. Haldane yìí kan náà ti kọ ọ́ ní 1896, lẹ́yìn tí ó yẹ òkú àwọn tí ń wa èédú inú ilẹ̀ wò, pé afẹ́fẹ́ yìí ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí ihò bú gbàmù, kì í ṣe ìbúgbàmù náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé ẹyẹ kékeré wọ ihò, kí ó lè kọ́kọ́ ṣubú, kí ènìyàn sì rí àyè sá. Ní Bìrìtéènì, ó di 1986 kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ.

Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àjẹ́ níhìn-ín. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí wọ́n bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá sí ààfin, kí ìjòyè kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ó ń jó nínú ilé náà ní àná? Fèrèsé ńkọ́? Bí a bá sì bá ẹnì kan tí ó ṣì ń mí, kí a gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, nǹkan bí wákàtí 4 sí 5 ni ìdajì oró náà yóò fi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ́síjìn ilé ìwòsàn yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi wa, àwa olùkọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ka gbogbo apá ẹ̀dọ̀fóró lẹ́sẹẹsẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ ìdánwò, kí ó padà sílé, kí ó sì gbé àdògán sí yàrá ìyá rẹ̀, nítorí pé a kò kọ́ ọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́.

Opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì padà sílé. Bí àwọn àgbà ìlú náà bá ka ìwé yìí, àwa ṣetán láti bá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí àdògán náà sì wà lọ́wọ́ wa.