Bàróòkì Kì í Ṣe Rúdurùdu: Ẹ Ka Igun Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Bú U

Àríyànjiyàn ni mo gbé wá lónìí. Bí a bá ti dárúkọ Bàróòkì, ìyẹn ọ̀nà ìkọ́lé tó gbòde ní Róòmù láti nǹkan bí ọdún 1600, tó sì tàn ká Yúróòpù títí dé Bràsíìlì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé àṣejù ni: wúrà lórí wúrà, áńgẹ́lì lórí áńgẹ́lì, ọ̀ṣọ́ tí kò létò. Èmi kò gbà. Nínú ilé ìjọsìn Bàróòkì tó dára, ọ̀ṣọ́ gan-an ni ètò.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀, èébú ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú èdè Potogí ló ti wá, láti inú barroco, tí í ṣe péálì tí kò rí róbótó. Àwọn tó kọ́ ilé náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Francesco Milizia, òǹkọ̀wé ará Ítálì, fi iṣẹ́ Francesco Borromini wé ti ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Wọ́n bí Borromini ní 1599, ó sì kú ní 1667. Ó ti gbẹ́ òkúta fúnra rẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ń yàwòrán ilé. Ní 1634, àwọn arákùnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan láti Sípéènì, ti ẹgbẹ́ Mẹ́talọ́kan Mímọ́, gbé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì San Carlo alle Quattro Fontane fún un ní Róòmù. Ilẹ̀ náà kò tó nǹkan, owó kò sì pọ̀. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1638, inú rẹ̀ sì parí ní 1641. Ẹ wọlé kí ẹ wá wúrà tí wọ́n ń pariwo: funfun ni ó gba ara ògiri àti àjà.

Báwo ni ó ṣe ya á? Àwọn àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní ilé Albertina ní ìlú Vienna. Ó fa onígun mẹ́ta méjì tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba, ó fi ìdí wọn kan ara wọn. Ó fi òbìrìkìtì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìlà títẹ̀ so òbìrìkìtì méjèèjì pọ̀, títí tí ìrísí bí ẹyin fi jáde. Orí ìrísí ẹyin yìí ni òrùlé rìbìtì náà jókòó lé. Òpó 16 ló yí inú ilé ká. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lè rò pé ògiri ń jó, nítorí ó ń yọ síta, ó sì ń wọnú. Ṣùgbọ́n ijó tó ní ìlù ni. Kò sí ibi tó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ wá gbójú sókè. Wọ́n gbẹ́ inú òrùlé náà ní kòtò-kòtò: àgbélébùú, onígun mẹ́fà, onígun mẹ́jọ, wọ́n wọnú ara wọn láìsí àlàfo. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kéré sí i, tí ojú fi ń rò pé òrùlé náà ga ju bí ó ti ga lọ. Àwọn fèrèsé kan fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tàn láti ibi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ kò rí dáadáa. Ní òkè téńté, àdàbà wà nínú onígun mẹ́ta: àmì Mẹ́talọ́kan. Onígun mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà, onígun mẹ́ta ló sì parí rẹ̀. Ẹ yọ onígun mẹ́fà kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀, gbogbo àwọn tó yí i ká yóò di aláìníbùsọ̀. Ṣé èyí ni à ń pè ní ọ̀ṣọ́ lásán?

Kì í sì ṣe ilé kan péré. Ní Sant'Ivo alla Sapienza, tí iṣẹ́ rẹ̀ wáyé láàárín 1642 àti 1660, Borromini gbé onígun mẹ́ta kan lé òmíràn, ó di ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà. Ìràwọ̀ náà sì ń gòkè, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di òbìrìkìtì lókè. Ní ìlú Turin, Guarino Guarini, àlùfáà tó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, tó tẹ ìwé ńlá jáde lórí jọ́mẹ́tírì ní 1671, mú kí ọrun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo kọjá lára ara wọn títí wọ́n fi di ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn Potogí gbé ọ̀nà ìkọ́lé yìí kọjá òkun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ni ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1708. Ní tòótọ́, wúrà bo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àjà rẹ̀: férémù igi onígun ni wọ́n fi pín in, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan há àwòrán tirẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ọwọ́ ẹrú ló wa wúrà Bràsíìlì, kí ni a ń yìn? Ìbéèrè gidi nìyí, n kò sì ní sá fún un. Láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí kí á fi fìlà dé ìbàdí. Bí a bá ní rúdurùdu ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn náà, a ti dá wọn láre lọ́nà kan. Rúdurùdu kọ́ ló kó wa lẹ́rú, ètò ni. Àwọn tó mọ ìwọ̀n igun dé ìwọ̀n eékánná náà ló ń ka orí ènìyàn sínú ìwé ọjà. Ẹ jẹ́ kí á dá wọn lẹ́bi ohun tí wọ́n ṣe, kí á má fi ẹ̀bi àìmọ̀ọ́ṣe bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn Àgùdà tó padà wálé pàápàá kò ka iṣẹ́ náà sí rúdurùdu. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e bọ̀. Ẹ wo mọ́sálásí ńlá Porto-Novo, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, tàbí mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ìmọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ oko ẹrú ni wọ́n sọ di tiwọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2025, apá kan àjà São Francisco wó lulẹ̀, ó pa àlejò kan, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Ohun tí a bá kà sí ọ̀ṣọ́ lásán kì í pẹ́ kí ó tó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bojú tó. Nítorí náà ni àríyànjiyàn yìí kì í fi í ṣe eré.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú kọ́ńpáàsì àti rúlà, kí ẹ ya onígun mẹ́ta méjì ti Borromini fúnra yín. Ẹ ó rí i pé Yorùbá ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ láti òkè délẹ̀, èdè wa kò sì kọsẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ má ṣe àlejò mọ́. Ire o.