Táyà Aláfẹ́fẹ́ àti Táyà Kìkìdá Rọ́bà

Kò sí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́ tí kò mọ ìyọnu táyà tí ó jò ní àárín ọ̀nà. Ìṣó kékeré kan tó láti sọ ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ jáde di ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí ń ti kẹ̀kẹ́ àti ẹrù pọ̀. Nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé àwọn kan ń yin táyà kìkìdá rọ́bà, èyí tí kò ní atẹ́gùn nínú, tí kò sì lè jò láé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí. Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò tó tú àpò owó rẹ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ apá kejì.

Táyà kìkìdá rọ́bà kì í ṣe ohun titun. Òun ni ó wà ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní Ìlú Òyìnbó kí táyà aláfẹ́fẹ́ tó dé. Ní ọdún 1887, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní ìlú Belfast, ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1889, William Hume gun kẹ̀kẹ́ tí ó ní irú táyà bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdíje ní Belfast. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ni ó borí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi kọ ti àtijọ́ sílẹ̀. Ìṣó àti ẹ̀gún kò ṣọ̀wọ́n ní ọ̀nà tiwọn náà. Wọ́n gbé méjèèjì wò, wọ́n sì yan èyí tí ó sàn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí táyà aláfẹ́fẹ́ bá gun òkúta, yóò tẹ̀, yóò sì tún yọ padà. Kìkìdá rọ́bà kì í tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ìgbọ̀nrìrì náà yóò kọjá sí irin kẹ̀kẹ́, sí ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹni tí ó gùn ún, àti sí ẹyin tàbí ìgò tí ó dì sẹ́yìn. Ó sì ń gba agbára jù láti wà. Lóòótọ́, èyí tí a ń ṣe ní òde òní fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n àléébù wọ̀nyí kò tíì tán.

A kò sọ pé kò wúlò. Ó dára fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn, fún ọmọlanke, àti fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju orí títì dídán lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ru ẹrù gba ọ̀nà oko, ẹ jẹ́ kí ó rántí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Púpọ̀ nínú táyà tí ń jò, àìbìkítà wa ni ó fà á. Bí táyà kò bá le dáadáa, irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò fún tíúbù mọ́ òkúta títí yóò fi lu. Ẹ fún un ní atẹ́gùn kí ẹ tó jáde. Ẹ yọ àfọ́kù ìgò tí ó há sí i lára. Ẹ mú pọ́ńpù, lẹ́ẹ̀ àti ègé rọ́bà dání, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lẹ̀ ẹ́. A sì bẹ ẹ̀yin tí ń da àfọ́kù ìgò sí ojú ọ̀nà: ọ̀nà kan náà ni ọmọ yín yóò gbà lọ́la.