Ọ̀RỌ̀ TỌKỌTAYA: Ohun Tó Ń Ta Ara Nínú Yàrá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí jẹ́ èyí tí àwọn kan yóò kọ́kọ́ kà tán kí wọ́n tó gbé ìwé ìròyìn yìí sórí tábìlì níbi tí ọmọ wà. Kò burú. Ẹ kà á, ẹ fi pamọ́ bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè máa sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín ọkọ àti aya lóṣooṣù, kí á wá dákẹ́ nígbà tí ara ń ta ìyàwó ilé tí kò sì rí ẹni bá sọ.

Lẹ́tà kan ló dé ọwọ́ wa láti Àràròmí, létí òkun lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A kò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni, ẹja ló ń yan tà. Ọkọ rẹ̀ ló ń lọ sójú òkun. Lẹ́yìn tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ náà ṣì ń mu ọmú, ó ṣàkíyèsí pé ara òun gbẹ. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá sún mọ́ ọn ni ó máa ń dùn ún. Kò sọ. Lónìí ó rẹ̀ ẹ́, lọ́la orí ń fọ́ ọ. Ọkọ rò pé ìyàwó òun kò fẹ́ òun mọ́. Nígbà tó lọ ra okùn àwọ̀n ní Èkó, ọ̀rẹ́ kan júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún un, ó sì ra ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní ohun ìṣeré tọkọtaya: rọ́bà rírọ̀ kan tó ń lo bátìrì, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá dúdú fún un. Kì í ṣe ìwà burúkú ló sún un ṣe é. Ó rò pé òun fẹ́ tún ilé òun ṣe ni.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ojú ara ìyàwó pọ́n, tó sì ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Ó fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀ ẹ́. Ó bu iyọ̀ sí i, ó tún fi álọ́ọ̀mù sí i. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń burú sí i tó. Ẹnì kan sọ fún un pé àrùn ni ọkọ rẹ̀ lọ kó wálé láti Èkó. Ẹlòmíràn ní ọfà ọ̀tá ni, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ìyá yìí di ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ sílé ìyá rẹ̀. Ilé tó ti pé ọdún mọ́kànlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í: “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni gbogbo ohun tó ti kàn yín lára níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá?” Bó ṣe ń ka ọṣẹ ló ń ka álọ́ọ̀mù, títí ó fi kan ohun inú ọ̀rá dúdú. Nọ́ọ̀sì ní kí ó pa gbogbo rẹ̀ tì, kí ó máa fi omi tó mọ́ nìkan fọ ìta ara. Ó sì ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé a kì í fojú lásán dá àrùn mọ̀. Àyẹ̀wò kò rí àrùn kankan lára àwọn méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara tù ú. Ó ti padà sílé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé bi wá pé: ṣé ohun náà ló burú ni, àbí ara òun ni kò dára? Kí ni kí òun sì ṣe sí i báyìí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí á kọ́kọ́ dáhùn bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní tiwa, ohun tí ọkọ àti aya jọ fọwọ́ sí, tí kò pe ẹni kẹta wọlé, tí kò sì pa ẹnìkejì lára, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ gbé e síwájú Ọlọ́run. Ẹ jọ ka Hébérù 13:4. Ọ̀rọ̀ awọ ara ni a fẹ́ sọ lónìí, awọ ara kò sì mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbà á.

Ara ìyá yìí dára. Ojú ara obìnrin kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ohun tó bá kàn án sì tètè máa ń wọ̀ ọ́ ju ibòmíràn lọ. Nínú lọ́hùn-ún, Ẹlẹ́dàá fi àwọn kòkòrò rere kan síbẹ̀ tí ojú kò lè rí, àwọn ló ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀ bí omi ògì, kí kòkòrò búburú má baà ráyè. Nínú ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pH, láàárín 3.8 sí 4.5 ni ti obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù sábà máa ń wà. Ọṣẹ lè tó 9 tàbí 10, títí kan ọṣẹ dúdú wa tí a fi eérú sè. Ẹni tó bá ń ti ọṣẹ bọ inú ń lé àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ jáde ni. Inú ń fọ ara rẹ̀. Ìta nìkan ni omi wà fún.

Ní ti gbígbẹ, ọmọ tó ń mu ọmú ló fà á. Nígbà tí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú, èròjà ara tó ń mú kí ibẹ̀ tutù máa ń lọ sílẹ̀. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ara tó gbẹ kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti gbẹ. Bí ọkùnrin yìí bá ti mọ èyí ni, bóyá kì bá tí ná owó rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ ohun inú ọ̀rá dúdú wò. Ìyá yìí ní ó ń rùn bí bàtà rọ́bà tuntun, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àmì tó yẹ kí ó lé èèyàn sá nìyẹn. Púpọ̀ nínú rọ́bà rírọ̀ olówó pọ́ọ́kú yìí jẹ́ PVC, ike kan náà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Ike náà le látilẹ̀wá. Kí ó tó lè rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti po kẹ́míkà mọ́ ọn, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò sì ni àwọn tí wọ́n ń pè ní phthalates. Kẹ́míkà yìí kò so mọ́ ike náà pinpin, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, pàápàá bí òróró bá kàn án. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ tún ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń tà á láìbìkítà. Ní ọdún 2006, àjọ ìjọba Dẹ́nímáàkì tó ń bójú tó àyíká gbé ìwádìí jáde lórí kẹ́míkà tó wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Síbẹ̀, ó di ọdún 2021 kí àjọ ISO, tó ń gbé ìlànà ọjà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, tó tẹ ìlànà wọn, ISO 3533, jáde. Ìṣeré ọmọdé ti ní ìlànà tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń ṣe tàgbà kàn ń kọ ọ́ sára páálí pé ohun àpárá lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lẹ́jọ́.

Tọkọtaya tí ara ọ̀kan nínú wọn bá tètè ń bínú, bí wọ́n bá pinnu láti rà á, kí wọ́n wá èyí tí a kọ silicone sí lára gedegbe, tí kò rùn, tí kò lẹ̀. Ike líle tó dán àti gíláàsì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà dára pẹ̀lú. Irin aláìdípẹtà náà dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí etí rẹ̀ yún kí ó ṣọ́ra fún irin. Èyí tó kéré, tó dán, tí kò ní gbọ́ngbọ̀n-gbọ́ngbọ̀n lára, ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é lára páálí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Rọ́bà mìíràn tún wà, èyí tó ti ara igi wá. Ní agbègbè Odígbó nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, wọ́n ń kọ igi rọ́bà kí oje funfun rẹ̀ lè máa ro sínú ife. Irú oje yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́ńdọ̀mù àti ìbọ̀wọ́ ilé ìwòsàn. Ara àwọn kan kò gbà á rárá. Ẹni tí ètè rẹ̀ máa ń wú tó bá fẹ́ bàlúùnù, tàbí tí ọwọ́ ń yún tó bá wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Kọ́ńdọ̀mù tí kò ní oje yìí nínú wà, ti obìnrin tí wọ́n fi nitrile ṣe náà sì wà. Bí ojú bá wú, tí mímí sì ṣòro, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Àgbọn pọ̀ létí òkun, àwọn ìyá wa sì mọ òróró rẹ̀ lò sí ara gbígbẹ. Ara púpọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òróró àgbọn, àdín, epo pupa àti ìpara bí jẹ́lì ìpara ọmọ máa ń mú kí kọ́ńdọ̀mù oje igi rọ́bà já. Ẹni tó ń fi kọ́ńdọ̀mù ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó sì ń fi òróró pa á lè rí oyún tí kò retí. Jẹ́lì olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni kí irú wọn lò. Kí ó má ní òórùn dídùn, kí ó má sì jẹ́ èyí tó ń múni lára gbóná. Jẹ́lì tó bá ki jù a máa fa omi kúrò lára awọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2012 pé ìwọ̀n kíki rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní osmolality, kò gbọdọ̀ kọjá 1200, àti pé èyí tí kò tó 380 ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Jẹ́lì tí wọ́n fi silicone ṣe, ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ ohun ìṣeré silicone, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni àwọn oògùn fífọ́n tí ọkùnrin ń rà lójú ọ̀nà kí ó lè pẹ́. Oògùn tó ń mú ara kú ló wà nínú púpọ̀ wọn, ó sì ń ràn sára ìyàwó. Ìrora ni aago tó ń kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó bá pa aago náà lẹ́nu yóò gé ara rẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgúnmu àti oyin aláádùn tí wọ́n ń polówó ní orúkọ kayan mata, tí wọ́n ní kí obìnrin tì bọ inú. Ẹ má tì í bọ ibì kankan.

Ní ti fífọ̀, omi iyọ̀ ni ìṣòro àwọn tó wà létí òkun. Ẹ máa fi omi òjò tó mọ́ ṣan ohun yòówù tí yóò kan ibẹ̀. Èyí tó jẹ́ kìkì silicone tí kò ní bátìrì nínú ṣe é bọ̀ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú márùn-ún (kì í ṣe nínú ìkòkò ọbẹ̀ o); èyí tó ní bátìrì, ọṣẹ tí kò ní òórùn àti omi, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fi aṣọ mímọ́ wé e, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tètè ń mú nǹkan hu olú.

Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń jáde, tàbí òórùn bí ẹja, bí egbò bá wà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dunni tàbí tí ibà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ẹ má ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Àdúrà kò sì dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ìyá wa ọ̀wọ́n ní Àràròmí, ìbéèrè yín kejì ló kù. Ẹ má fi ohun náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ yọ bátìrì inú rẹ̀, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e (kì í ṣe tiwa o), kí ẹ sì dà á sí ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí lórí ilẹ̀. Ẹ má jù ú sódò. Ọkọ yín kọ́ ni apẹja kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹ bá sì jù sómi lálẹ́, àwọ̀n ẹlòmíràn lè fà á wá sí èbúté láàárọ̀.