Ẹ Yí Ìdí Àwo Náà Wò Kí Ẹ Tó Gbé E Síta

Ẹ̀yin ojúgbà wa, nígbà ìsinmi tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi àwo dígí aláwọ̀ oyin mẹ́fà gba abọ́ rọ́bà méjì lọ́wọ́ akirità. Àṣé àwo ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ni!

Duralex ni wọ́n kọ sí ìdí wọn, iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé. Orúkọ náà ti wà láti 1945. Nọ́ńbà ìdí ife wọn kì í ṣe ọjọ́ orí o. Ti irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni. Dígí yíyọ́ ni wọ́n ń dà sínú irin, tí wọ́n á fi irin mìíràn tẹ̀ ẹ́. Lára ọ̀pọ̀ dígí àtẹ̀, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín bí ojú rírán. Ẹ fọwọ́ pa ọnà rẹ̀: ti àfọwọ́gbẹ́ máa ń mú, ti àtẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti ṣán, owó ti já nìyẹn.

Owó gọbọi kò sí lórí Duralex, ó ṣì pọ̀ nílé-lóko. Pípé tí wọ́n pé mẹ́fà ni iyì wọn. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwa tí à ń kọ́ nípa àṣà, a kò bi ìyá wa rí pé ta ló fún un ní àwo.

Akirità náà kò tíì padà gba àdúgbò wọn.