Ẹni tó ń sanwó fáíbà yẹ kó ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi nípa íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà tí wọ́n ń fà wọ ilé kiri àdúgbò wa báyìí.

Fáíbà dára, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Okùn dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó tó lè tó ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà, ìdílé tí bàbá, ìyá àti ọmọ ń ra dátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ bó ṣe ń dunni tó. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ní àwọn fẹ́ fa 90,000 kìlómítà fáíbà kún èyí tó wà nílẹ̀. Ó dára, a kí wọn. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá wọlé tán, kí la rà gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà lójú títì, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ilé ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́ẹ̀sì ti àtijọ́ kò ju bíi bílíọ̀nù mẹ́rin lé díẹ̀ lọ, àwa èèyàn ayé sì ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Lọ́dún 2011 ni èyí tó wà ní ìpamọ́ fún gbogbo ayé tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń lo àpótí lẹ́tà kan ní pósọ́fíìsì. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ á jáde, èsì rẹ̀ á sì tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí akọ̀wé ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dédé kọ̀wé sí yín láti ìta, ta ni yóò mọ ilé tí wọ́n máa gbé e lọ?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Ilé ni mo kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi pamọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ máa rí wọn láti ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ tó fa fáíbà fún mi, n ò ní dárúkọ wọn, ní oníṣòwò ńlá nìkan làwọn ń fún ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́, kí n máa san iye tí àwọn yẹn ń san lóṣooṣù. Kò sì sí ìkankan nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó sanwó.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi àdírẹ́ẹ̀sì ṣe. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ìjọba ti Twitter pa títí di oṣù kìíní ọdún 2022? Ìgbà yẹn ni VPN di ọ̀rọ̀ tọmọdé tàgbà, tí kálukú ń wa èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sórí fóònù. VPN ni ọ̀nà bòńkẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè yọjú sí. Àmọ́ ẹni tó ni ọ̀nà náà ń rí ibi tí ẹ ń lọ. Ta ló mọ àwọn tó ni ti ọ̀fẹ́ wọ̀nyẹn?

Ẹni tó bá ní àdírẹ́ẹ̀sì lè ṣe tirẹ̀ sílé. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó, tí iná tó ń jẹ kò tó ti gílóòbù àtijọ́. WireGuard tí wọ́n ń lò fún un, tí wọ́n fi kún Linux lọ́dún 2020, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá wà ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí pápákọ̀ òfurufú, fóònù yín á kọ́kọ́ gba ọ̀nà bòńkẹ́lẹ́ náà lọ sílé kó tó lọ síbòmíràn. Kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí o. Ilé iṣẹ́ tó fa wáyà ṣì ń rí ibi tí ilé yín ń lọ, ohun tí ìjọba bá sì tì, títì náà ni nílé yín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín.

Nítorí pé kò sí àdírẹ́ẹ̀sì, kí làwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe? Wọ́n ń háyà kọ̀ǹpútà ní Jámánì àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi dọ́là sanwó. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ láti Mọ́kọ́lá sí Bódìjà á gba abẹ́ òkun dé Jámánì kó tó padà wá! Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006 ni IXPN ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ilé lè máa parí sílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ẹ rántí bí iṣẹ́ ṣe dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì. Ẹni tó ń gba òkè òkun wọ ilé ara rẹ̀, ọ̀nà lè dí mọ́ ọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, a kì í ti òde kó o wọlé.

Ohun tí mò ń bẹ NCC fún kò pọ̀. Kí wọ́n pàṣẹ pé oníbàárà tó bá béèrè àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i gbà ní owó tí apá ká. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí èèyàn tó sanwó, bóyá àjọlò ni tàbí ti ẹni nìkan. Àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tí wọ́n ń pè ní IPv6 pọ̀ ju ohun tí ayé lè lò tán lọ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣí i fún gbogbo ilé.

Ẹ̀yin tí wáyà kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Abéèrè kì í ṣìnà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.