Nípa Gbígba Ọmọ-Iṣẹ́ sí Ṣọ́ọ̀bù

Púpọ̀ nínú yín ni ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan gba ọmọ-iṣẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹbí. "Ṣáà máa bọ̀, a ó mọ ohun tí a ó fún ọ." Gbólóhùn yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù parí, ọ̀gá ka oúnjẹ mọ́ owó oṣù, ọmọ-iṣẹ́ kò kà á mọ́ ọn. Kò pẹ́, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó ara rẹ̀ láti inú àpótí.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1974 pàṣẹ pé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá fún un ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, iye owó rẹ̀, ìgbà tí a ó máa san án, àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kí wọn tó pínyà. Ẹni tí ó ti pé ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ oṣù kan ni. Òfin náà yọ mọ̀lẹ́bí ọ̀gá sílẹ̀; lójú tèmi, àwọn gan-an ni ìwé náà yẹ jùlọ, nítorí ta ni yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́jọ́?

Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ náà kò bá mọ̀wé, ẹ kà á sí i létí níwájú ẹni kẹta.